Bàbá Gíríkì tó ń tú ọ̀rọ̀ òyìnbó bí aago

Bí ẹ bá dé Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n sọ nǹkan kan ṣoṣo fún yín nípa olóògbé Bàbá Abọ́dẹrìn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Bàbá gun àkàbà láti gbé pátákó kọ́ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Fante New Town, ó já bọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún dá. Jọláadé, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá kan nílé rẹ̀, ló bá a wọ takisí lọ sí ọsibítù ńlá tó wà lápá Bantama. Wọ́n tì í lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, bàbá gbójú sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: ORTHOPAEDIC. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Èmi kọ́ lẹ máa gbé wọ ibí yìí! 'Ortho' ni kí nǹkan tọ́. 'Paed' ni ọmọdé. Gíríkì ló ni méjèèjì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ẹ wá fẹ́ kó mi sáàárín àwọn ọmọdé!"

Jọláadé bẹ̀ ẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ń wú. Dókítà kékeré kan jáde, ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní, "Papa, ṣé ẹnì kan ò bí yín ni?"

"Wọ́n bí mi dáadáa!"

"Ọmọ ni yín nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Bàbá ronú díẹ̀, ó tú ilẹ̀kùn sílẹ̀. Títí tó fi kú ló ń sọ pé òun ló jàre.

Aago ni bàbá ń tún ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí i ti wá, Kumasi ni wọ́n bí òun sí. Nígbà èwe rẹ̀, ó tún aago ilé àwọn fadá kan ṣe, fadá àgbà sì fún un ní ìwé ńlá kan tó ti gbó, tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó ti ṣẹ̀ wá. Látìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó kọjá lójú ẹ̀ tí kò ní tú palẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì ò ní nǹkan kan," ni yóò wí. "Wọ́n kó o lọ́wọ́ Gíríkì àti Látìn ni, wọn ò sì dá a padà." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Gíríkì nìyẹn.

Àní pátákó tó dá a lẹ́sẹ̀ yẹn, ṣé ẹ rò pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń tún aago ṣe bíi ti gbogbo èèyàn? HOROLOGIST ló kọ. "Hora" ni wákàtí, "logos" ni ìmọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e kọ́ tí obìnrin kan fi wọlé, ó rò pé horoscope àwọn awòràwọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó ní kí bàbá bá òun wo ìràwọ̀ ọkọ òun tó ti jáde látàná. Bàbá ṣàlàyé títí, obìnrin náà ò gbà. Inú bí bàbá, ó wo aago ògiri, ó ní, "Aago mẹ́rin ló máa wọlé!" Aago mẹ́rin náà ni ọkọ wọlé. Odidi oṣù kan làwọn obìnrin fi ń tò síwájú ìsọ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó mú aago wá nínú wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni Efua ti ń ta oògùn. Ẹnu bàbá ò lè dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, ó ń là á yé àwọn oníbàárà pé "pharmakon" tó bí "pharmacy" yẹn, àti oògùn àti májèlé làwọn Gíríkì ń fi pè. Ẹni méjì ti ìwé oògùn wọn bọ àpò, wọ́n forí lé ilé. Efua gbé ìgbálẹ̀ jáde. "Papa, mepa wo kyɛw, ẹ kúrò níwájú mi!" Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn ní Twi o, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kò jọ ẹ̀bẹ̀. Látọjọ́ náà ni wọn ò ti kí ara wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Jọláadé kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní tiẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ tí àwọn dókítà ń lò. Ilé ìwé ní kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá tún fìdí rẹmi, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ bàbá ti san nígbà náà, ọ̀pá ló kù. Ó bá ọmọ náà tó ń sunkún lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé Gíríkì lásán ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Gbé ìwé ẹ wá."

Ẹ óò ní ṣebí fóònù wà. Fóònù ń sọ ìtumọ̀ fún un, kì í dúró sí i lórí ni. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá ti tú ọ̀rọ̀ kan, kì í jáde mọ́. Hepato, ẹ̀dọ̀. Nephro, kíndìnrín. Osteo, egungun. Inú Jọláadé ń dùn. Lọ́jọ́ kẹfà ló béèrè pé, "Bàbá, kí ni 'arthro'?"

Bàbá wúkọ́. Ó ní ó ti tó àkókò ìrun.

"Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Bàbá? Ìrun wo?"

"Ìwọ náà! Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti A dé C, ti jẹ́lé-ó-sinmi ni. A, B, C! Ṣé irú ẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà máa kọ́ni?" Ó mú ọ̀pá, ó lọ.

Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí àga. Jọláadé ṣí i. D ló fi bẹ̀rẹ̀. Ikán ti jẹ gbogbo ohun tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ń lò fún oríkèé, orí, ọkàn, ọpọlọ, inú ohun tí ikán jẹ yẹn ni gbogbo wọn wà. Ó rọra dá ìwé náà padà, torí kò fẹ́ dójú ti bàbá. Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wẹ̀, ó fín lọ́fínńdà, ó jáde kí oòrùn tó mú. Nígbà tó dé, ó ní, "Arthro ni oríkèé. Cephalo ni orí. Cardio ni ọkàn. Mo rí wọn lójú àlá." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́: lọ́fínńdà lówùúrọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀, Ràyhànátù, ò gbà.

"Bàbá Ràhmà, ta lẹ ń fín lọ́fínńdà fún lọ́jọ́ orí yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ń lọ yẹ̀ wò."

"Wàláhì, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn máa lórúkọ!"

Jọláadé yege. Nígbà tó kúnlẹ̀ dúpẹ́, bàbá juwọ́ sí i. "A, B, C lásánlàsàn. Ṣé o rí i?"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá sùn lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, kò jí mọ́. Lọ́jọ́ fidáù rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, àwọn ààfáà pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ni gbogbo wọn kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Efua ló wọlé. Ó wá jókòó ti Ràyhànátù àti Jọláadé.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń wá," ó ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró sódìkejì títì fún odidi wákàtí kan. Ó wọlé, ó ṣí fìlà, ó ní, 'Efua, ìwé mi ò lórí. Ọmọ kan fẹ́ padà sílé wọn. Mepa wo kyɛw.'"

"Kí lẹ wá ṣe?" ni Ràyhànátù bi í.

"Mo ní kó kọ́kọ́ lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kó sọ fún gbogbo ayé pé oògùn ni mò ń tà, kì í ṣe májèlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pariwo ẹ̀."

Ràyhànátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí ẹ̀. Efua kọjú sí Jọláadé. "Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní tó o bá mọ̀ pé òun ò mọ ìyẹn, o ò ní gba èyí tóun mọ̀ gbọ́ mọ́."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Mo rí ìwé yẹn." Jọláadé bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an, mi ò sì sọ ọ́ fún un."

"Kò tíì tán o. Lẹ́yìn tó o yege, ó ṣì ń wá. Ó ní ọdún kejì máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun ò fẹ́ kó o tún ká òun mọ́ láìmúra. Àní Tọ́sìdeè tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, orí bẹ́ǹṣì mi ló jókòó sí títí di ọ̀sán."

Ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí Jọláadé tó wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò wọn, lọ sílé ìwé, ó yà sí Fante New Town. Ó kí Efua, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ibo lẹ bá bàbá dé?"