Àyè Ọwọ́ Kan Lórí Aṣọ Tábìlì

Ọdún tí Ardis Halvorsen bí Marit, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ra aṣọ tábìlì funfun náà. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ọdún yẹn, àjọ̀dún tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń jẹun pọ̀ lóṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n jẹ tòlótòló tán, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà sórí aṣọ, ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká. Kí yìnyín tó yọ́ tán lóko, ó ti fi òwú pupa rán orí ìlà náà. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jẹun nílé Ardis lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ló ń fi ọwọ́ lélẹ̀. Bí a bá ti kó àwo kúrò, kí a tó gé páì elégédé tó máa ń kẹ́yìn oúnjẹ, pẹ́ńsù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Èèyàn á sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún, ẹni tó jókòó tì í á fa ìlà yí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ardis á wá máa rán an títí òtútù á fi lọ.

Òdìkejì títì ni mo ń gbé. Ọwọ́ mi wà lórí aṣọ náà nígbà tí òrùka ìgbéyàwó ṣì wà níka mi, ó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti bọ́ ọ.

Iléèwé ìlú wa ni Ardis ti ń se oúnjẹ. Kò fẹ́ràn ìdọ̀tí rárá. Kódà ó máa ń lọ aṣọ ìnujú. Ó sì lẹ́nu. Àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹnu yẹn.

Ọdún tí Marit kọ́kọ́ mú Duane Pruski wálé, àsìkò ìdọdẹ àgbọ̀nrín ni, mọ́tò àwọn ọdẹ kì í sì í jẹ́ kí mẹkáníìkì sinmi. Abẹ́ ọkọ̀ ni Duane wà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìdúpẹ́ náà. Nígbà tí pẹ́ńsù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú.

"Dúró ná," ni Ardis wí. "Ṣé ọwọ́ lèyí ni, àbí ìdí ìkòkò?"

Elroy, ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín.

"Mo fọ̀ ọ́, mà," ni Duane wí.

"O fọ̀ ọ́? Kí lo fi fọ̀ ọ́, gírísì? Gbé e kúrò, jàre, aṣọ mi funfun. Ó di ọdún tó ń bọ̀, tí ìyẹn bá ti ṣí kúrò."

Duane náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Marit nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńsù kọjá sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bí a ṣe kó àwo kúrò, Duane ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ sídìí síǹkì.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ̀yin lẹ sè é, ẹ jẹ́ n fọ àwo."

"Ẹ wo ọkọ ọmọ mi!" ni Ardis wí. "Elroy, wò ó dáadáa. Wọ́n ṣì ń bí irú wọn."

Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kò yìn ín mọ́. Pẹ́ńsù á jáde, a ó gbọ́ omi ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé, ọwọ́ wọn kéékèèké dé orí aṣọ, ó ń fọ àwo. Bí a bá ti gé páì, á jáde wá, á jókòó, á jẹ tirẹ̀, á bá Elroy wo bọ́ọ̀lù. Kò fajú ro rí. Bí mọ́tò Ardis bá kọ̀ nínú òtútù, Duane ló ń wá. Òun ló ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá Ardis ká aṣọ náà ni mo ti rí i. Ọwọ́ ti gun orí ara wọn káàkiri bí ewé abẹ́ igi, ṣùgbọ́n iwájú àga Duane funfun. Bí ọmọdé bá fẹ́ tẹ́ ọwọ́ síbẹ̀, Ardis á rọra gbé e kúrò.

"Kí ló dé tí o ò bá a sọ̀rọ̀?" ni mo bi í.

"Kí n ní kí ni, Lois? Á ní òun ò rántí mọ́. Á wá jẹ́ pé mo tún sọ ọ́ di òpùrọ́ kún un."

Elroy kú. Ojú Ardis bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú; òwú kì í wọ abẹ́rẹ́ fún un mọ́ àfi tí mo bá bá a fi í sí i. Wọ́n ta ilé náà. Bí òtútù bá ti lọ, yóò kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ó mọ̀ pé ọwọ́ tí òun bá gbà lọ́dún yìí ni òun ó rán kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ yẹn, nígbà tí pẹ́ńsù jáde tí omi sì ń dún, Ardis dìde, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo ń rí wọn láti ibi tí mo jókòó. Ó nu àwo kan, ó nu òmíràn.

"Duane."

"Mà."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí..."

"Ẹ rọra, mà, omi ń kán sí yín lẹ́sẹ̀."

"Má dá mi lẹ́nu. Ẹnu mi ló ṣe é. Mo fẹ́ ọwọ́ rẹ lórí aṣọ yẹn kí ojú mi tó lọ."

Duane ti omi pa. Ó wo iwájú ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn.

"Ó yẹ kó ti mọ́ báyìí, mà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọ̀ ọ́."

Kò bínú sọ ọ́. Ó wá sídìí àga rẹ̀, kò tilẹ̀ nu ọwọ́ náà, ó tẹ́ ẹ sórí àyè funfun yẹn. Omi ń jò láàárín ìka rẹ̀.

"Pẹ́ńsù dà?" ni Ardis wí. "Ta ló mú pẹ́ńsù?"

Ó ti yí bọ́ sábẹ́ tábìlì. A ṣì ń wá a nígbà tí fóònù Duane dún. Ó gbé ọwọ́ kúrò kó lè gbé e.

"Mọ́tò kan ti já sí kòtò nídìí afárá," ló wí. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ níta. "Ọmọdé wà nínú ẹ̀."

"Ìṣẹ́jú kan péré, Duane."

"Òtútù ń mú wọn, mà." Ó ti ń wọ kóòtù. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Bóyá ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, mi ò lè sọ.

Ardis jókòó sórí àga Duane. Àmì omi ọwọ́ náà ṣì wà lórí aṣọ, tòun ti ìka márùn-ún. Mo rí pẹ́ńsù he lábẹ́ tábìlì, mo fún un. Ó tẹ ojú sún mọ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù kò mú lórí aṣọ tútù. Omi náà ń ràn, àwọn ìka ń wọnú ara wọn. Ó dúró kó gbẹ díẹ̀. Nígbà tó gbẹ tó kí pẹ́ńsù mú, aṣọ funfun lásán ló kù.

Marit gbé páì wá.

"Mọ́mì, ẹ jẹun."

Ardis na ọwọ́ ara rẹ̀ bo ibẹ̀.

"Má gbé àwo síbí."