Wọ́n Tẹ̀ka Pé Ara Mi Ti Yá

Mi ò ní purọ́, inú ló bí mi wá sí Ìbàdàn lọ́dún náà. Kì í ṣe àárò ilé, kì í sì í ṣe ìsinmi. Ẹni tó bá rí mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí wọlé, tí wọ́n tún fi tì mí jáde, á rò pé àìsàn ló ń dà mí láàmú. Àìsàn ń ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló gbé mi dìde.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Ìbàdàn. Aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, gbogbo ẹ̀ là ń fọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọlanke onírin tí a kó aṣọ tútù kún já mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ó bá mi lẹ́yìn, ó sì gbá mi mọ́ ògiri. Ìbàdí mi fọ́. Wọ́n tò ó, ó jinná bó ṣe wù ú, ẹsẹ̀ òsì mi sì kú díẹ̀díẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé mo di aláàbọ̀ ara lẹ́nu iṣẹ́, pé wọn ó máa san nǹkan fún mi lóṣooṣù.

Nǹkan náà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, owó yẹn nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi. Ilé tí mò ń sùn, tiwọn ni. Oúnjẹ tí mò ń jẹ, tiwọn ni. Ògùn ara ríro àti ìpara tí mo fi ń ra ẹsẹ̀, èmi ni mò ń rà á, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọkọ ọmọ rẹ̀ rí, kó máa ro bó ṣe máa sọ pé ògùn òun ti tán, kò lè mọ ohun tí mò ń wí.

Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní àwọn ti dá owó mi dúró, torí ìwádìí fi hàn pé ara mi ti yá. Mo kà á, mo tún un kà. Orí ibùsùn ni mo wà, mò ń dúró kí ọmọ mi wá bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀. Ta ló wo ara mi tó fi yá? Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mo kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ní kí ọmọ mi bá mi ta ẹ̀gbà ọrùn góòlù mi, kó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní màá lọ fojú mi kàn wọ́n.

Ọ́fíìsì wọn ò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ẹ wá gbọ́ o: àwọn tó ń sanwó fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú ló gbé ọ́fíìsì wọn sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ìdí ni mo fi wọ́ gun àtẹ̀gùn náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń kí mi kú ìnira. Nígbà tí mo fi débẹ̀, òógùn ti bò mí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde ni pé, "Màámá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gun àtẹ̀gùn yìí?"

Ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ń bó o, ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀ sórí fáìlì àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Mo bi í pé bí mi ò bá gùn ún, ṣé òun ì bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ni. Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ó ní èmi tí mo lágbára láti wọ bàálù, tí mò ń gbé láàárín àwọn òyìnbó, kí ni mo tún fẹ́ fi owó mẹ̀kúnnù ṣe. Mo ní ṣé owó ẹ̀ ni àbí owó ìbàdí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa fáìlì mi yọ, ó yí i sọ́dọ̀ mi.

Ó ní bí ẹnì kan bá ti kó lọ sókè òkun, àwọn máa ń rán èèyàn lọ sílé ẹ̀ láti bi ẹbí bí ara ẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ti lọ sí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ẹni tí wọ́n bá nílé sì ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ara mi ńkọ́? Ó le koko. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mò ń rìn, mò ń sáré pàápàá. Ṣé mò ń ṣiṣẹ́? Iṣẹ́ méjì. Ó tiẹ̀ fi kún un pé mo ti ra mọ́tò, èmi fúnra mi ni mò ń wà á. Nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n tẹ àtàǹpàkò dúdú kan síbẹ̀, orúkọ àbúrò bàbá mi obìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Akọ̀wé ní kò sóhun tí òun lè ṣe sí i, àfi kí ẹni tó tẹ̀ka wá fẹnu ara ẹ̀ sọ níwájú ọ̀gá òun pé irọ́ lòun pa. Ó sì padà sídìí ẹ̀pà ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi yìí ló tọ́ mi. Ọmọ ọwọ́ ni mo wà tí ìyá mi kú, ẹ̀yìn wọn ni mo dàgbà sí, Ìyá ni gbogbo agbo ilé sì ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo dé sí, àmọ́ mi ò tíì sọ ohun tí mo bá wá fún wọn. Takisí ló gbé mi gba abẹ́ òkè Mápó padà sílé.

Orí ẹní ni mo bá Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan wá béèrè mi. Wọn ò sẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn wá pẹ̀lú ìwé, ó ní ìjọba ló rán òun. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ fún un pé mò ń sáré. Ìyá dá tẹ̀súbáà dúró.

"Kí n fẹnu ara mi pe ọmọ mi ní abirùn fún ẹni tí mi ò mọ bàbá ẹ̀? Ta lo gbọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yìí?"

Òótọ́ ni, mi ò gbọ́ ọ rí. Nínú agbo ilé wa, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn lójú àlejò. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ bàbá mi rọ lápá kan, ẹni tó bá béèrè wọn, a óò ní wọ́n lọ sí ọjà Gbági. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni bàbá mi fi wà ní Gbági, lórí ibùsùn nínú yàrá, ilẹ̀kùn pa dé. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Mo mọ gbogbo ìyẹn, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Mo sọ ohun tí akọ̀wé ní kí Ìyá wá ṣe, mo sì tún sọ fún wọn pé gbogbo àdúrà wọn ò to ìbàdí mi, ẹnu wọn ló sì wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú, mi ò sì kábàámọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a ò fi bára wa sọ̀rọ̀ ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Bí wọ́n bá dáná, mi ò jẹ. Búrẹ́dì tí mo ní kí wọ́n bá mi rà l'Ọjà'ba ni mò ń fi omi tì sọ́nà ọ̀fun. Wọn ò yé gbé omi wá fún mi láti wẹ̀, èmi náà ò sì lè kọ ìyẹn, torí mi ò lè tẹ̀ ba. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n jáde nínú yàrá tàwọn ti ìborùn lórí. Wọ́n ní àwọn rí mi lánàá tí mò ń fi ọ̀bẹ gé hóró ògùn kan sí méjì kó má bàa tètè tán. Wọ́n ní ká máa lọ sí ọ́fíìsì náà.

A gun àtẹ̀gùn náà, èmi ń fìdí wọ́ ọ, Ìyá ń di ògiri mú, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Obìnrin kan tó lẹ́nu mímú ni ọ̀gá wọn. Kò ní ká jókòó. Ó bi Ìyá bí ara mi ṣe rí.

"Alihamdulilahi," ni Ìyá wí, "ara le, a dúpẹ́."

Ẹnu wọn ló sọ ọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn wọn. Ọ̀gá ti fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi ọ̀pá tí mo fi ń rìn lu ilẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ bí mo ṣe rí. Ẹ sọ ọ́ lónìí."

Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n dojú kọ obìnrin náà, wọ́n ní ọmọ tí àwọn gbé pọ̀n, àwọn náà làwọn tún ń wẹ̀ fún un lọ́jọ́ ogbó àwọn. Wọ́n ní mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́, orí àga ni mo ti ń kí i. Wọ́n ní mo máa ń tọ̀ sára bí mi ò bá tètè dé ilé ìtọ̀, mo sì máa ń fọ aṣọ náà ní kọ̀rọ̀, mo rò pé àwọn ò gbọ́ ìró omi. Wọ́n ní bí mo bá ti rò pé mo dá wà, màá máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹsẹ̀ òsì yẹn, màá máa bú u. Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí, ọmọ mi gan-an ò mọ̀.

Akọ̀wé ò jẹ ẹ̀pà mọ́. Ojú tì mí débi pé mo na ọwọ́, mo fà wọ́n láṣọ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Wọ́n sọ ọ́ tán. Ọ̀gá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó sì kà á sí Ìyá létí: pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́, pé aláàbọ̀ ara ni mí, pé ara mi ò yá, kò sì ní yá mọ́ láéláé. Ìyá bi í bóyá gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn á tún rán èèyàn wá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, owó á máa wọlé. Ìyá wá wo ojú mi. Ó pẹ́ tí wọ́n fi wò mí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé kó má wà níbẹ̀, ó hàn lójú wọn kedere. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti páàdì yíǹkì sí iwájú wọn.

Wọ́n tẹ̀ka.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, bí wọ́n bá ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n á máa sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé yóò yá, yóò yá, lágbára Ọlọ́run, inú á sì máa bí mi. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún láàárín ọmọ ìka, wọ́n fi ìpara pa á. Ẹnu wọn ò mì. Mo dúró dè é títí wọ́n fi gbé abọ́ omi tí wọ́n fẹ́ dìde. Mo ní, Ìyá, ẹ ò ní ṣàdúrà sí i lónìí ni?

"Mo ti tẹ̀ka sí i," ni wọ́n wí, "pé kò ní yá mọ́."