Kòtò Gáàsì Ìyá Ìyàwó Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé ládùúgbò Gbégamey. Táàsì tó ń lọ sí Kétu gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó sẹ́fà lọ́wọ́ mi, ó sì há wa mọ́ra: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò dùn mí. Orí mi ń wú.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi èrè òkìrìkà tí mo ń tà lọ́jà Missèbo ránṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ sì bá mi gbẹ́ kòtò gáàsì fún ìyá ìyàwó mi lábúlé. Èéfín igi ti ń ba ojú Màmá jẹ́. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń pò mọ́ omi sínú kòtò náà, gáàsì á sì gba ọ̀pá wọ ilé ìdáná. Mo béèrè iye màlúù tí ilé Màmá ní. Mẹ́wàá. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn. Bí mo bá pe Màmá, wọ́n á ní ó ń jó dáadáa.

Ní Àjàṣẹ́, mo jẹ àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ tiwọn, pẹ̀lú ẹja díndín. Láti Kétu, mo gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwọn, nínú eruku pupa títí dé abúlé.

Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Màmá jókòó ti iná igi nínú ilé ìdáná. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n nawọ́ wá orí mi, ó pẹ́ kí wọ́n tó bá a.

Mo béèrè gáàsì.

“Bàbá Ìdòwú, ẹ má bínú. Màlúù wa kì í sùn nílé. Fúlàní ló ń bá wa sìn ín. Òun ló ni wàrà, òun ló ni ìgbẹ́.”

Wọ́n ní àwọn tọrọ ìgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ń fi orí rù ú láti gáà rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó da màlúù lọ sápá òkè, kòtò sì gbẹ.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ṣé àna èèyàn ni wọ́n ń sọ fún pé ẹ̀bùn rẹ̀ ò wúlò?”

Inú bí mi sí Fúlàní, inú bí mi sí àwọn tó gbẹ́ kòtò. Nígbà tí mo wọkọ̀ padà, ó ku èmi nìkan tí mo lè bínú sí. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ò pọ̀: ọdún mẹ́wàá ni mo ti fẹ́ ọmọ wọn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná wọn.

Ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Màmá rí bí mo ṣe sanra tó.

Mo ní wọn ò rí mi.