Ara Ò Le
Bí òórùn kánfọ̀ bá ta sí mi nímú, yàrá ìyá mi ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń rí. Jẹjẹrẹ ti jẹ ọmú rẹ̀ tán, síbẹ̀ “Ara le, alihamudulilahi” ló fi ń dá gbogbo àlejò lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan dé láti ọsibítù, kò mú oògùn dání.

“Ìyá Ṣùkúrà, ṣé ara le lóòótọ́?”

Ìyá mi ní, “Ara ò le. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Màmá àgbà figbe ta. “Má fẹnu ara ẹ pè é!”

“Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, Màmá,” ni àlejò náà wí.

Ìyá mi bú sẹ́kún. Inú bí mi, mo ju bàtà obìnrin náà sí kànga. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé torí ẹkún yẹn ló ṣe wá.

Lọ́sẹ̀ kejì ó padà dé. Ó bọ́ bàtà tuntun, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ṣùkúrà, bá mi ṣọ́ ọ.”