Ìtẹ́ Adìẹ Ìyá Ọkọ Mi

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà l'Ábùjá, kí ni mo mọ̀ nípa adìẹ, yàtọ̀ sí èyí tó bá wà nínú ọbẹ̀? Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí wọ́n gbé adìẹ dúdú kan há abíyá, tí wọ́n ní kí n máa sìn ín lẹ́yìnkùlé wa ní Jahi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yé, mo fò sókè. Ṣùgbọ́n orí símẹ́ǹtì ló ń yé sí, ẹyin ń fọ́, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

"Háà! Adìẹ tó bá ti tọ́ ẹyin ara rẹ̀ wò kì í jáwọ́," ni Màmá wí. "Ìyàwó, tí mi ò bá rí odidi ẹyin kan láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, ọbẹ̀ ló kàn."

Mo ti fẹ́ràn adìẹ yẹn! Tí mo bá ti báńkì dé, òun ló máa ń sáré wá pàdé mi. Ọkọ mi, ọmọ Màmá gan-an, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá àpótí kan láti fi ṣe ìtẹ́ fún un, mo gé fóòmù tẹ́ sínú rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣé ká tún bá a wá ìrọ̀rí ni?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, adìẹ ti já fóòmù náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bu ìyẹ̀fun pákó lọ́jà àga ní Kugbo. Ó kúnná jù. Adìẹ ń sín, èmi náà ń sín. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Alámìísì, mo tún padà lọ. "Kai, àǹtí!" ni káfíńtà kan wí. "Èyí tí ayùn rẹ́ kọ́ lẹ máa kó o. Èyí tí a fá lára pákó ni." Ó fẹ̀, ó fúyẹ́, ó lọ́ bí irun ọmọ tuntun. Mo kó àpò kan.

Mo dà á sínú àpótí, mo lọ bu omi wá. Nígbà tí mo dé, Màmá ti kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ìdí igbá tẹ àárín rẹ̀ kó lè jinnú. Wọ́n ní àwọn kàn ń wò ó ni.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, Màmá ti gé àlùbọ́sà, wọ́n ti lọ ata, ọ̀bẹ ti wà nílẹ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹyin kan, odidi, ó ṣì gbóná! Igbe tí mo ké, aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé.

Màmá gba ẹyin náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, ẹ̀rín gba ẹnu wọn. "Adìẹ yìí mà gbọ́n o. Ó ti gbóòórùn àlùbọ́sà."

Wọ́n bá fọ́ ọ sínú àlùbọ́sà náà, wọ́n dín in. Èmi, Màmá àti ọkọ mi, ṣíbí kọ̀ọ̀kan ló kàn wá. Mi ò jẹ ẹyin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.