Bí Àtàndá Ṣe Fi Ọjọ́ Ìjọba Fa Ọmọ Fọ́kọ

Pọ́n-ùn méje àti ṣílè mẹ́rin ni Àtàndá jẹ mí. Àpò ìrẹsì kan wà nínú rẹ̀, òbúkọ kan, àti owó òróró. Gbèsè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ló mọ owó í ṣọ́ jù lọ ní gbogbo Sabon Zongo, àdúgbò wa ní Accra.

Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Makola. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí òun, Accra ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ra asọ̀rọ̀mágbèsì rí láyé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn Haúsá lójoojúmọ́, kò sì gẹrun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyàwó rẹ̀ Àgbékẹ́ ló ń bá a fá orí.

Ìgbà òmìnira Gánà ni ọgbọ́n tó ń lò dé sí i lọ́wọ́. Wọ́n bí Mọ́nsúrù, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì bọ́ sí ọjọ́ òmìnira gan-an. Gbogbo ayé wà ní ìgboro. Àáfà sáré gbàdúrà nítorí òun náà fẹ́ lọ wòran. Ìwọ̀nba àwa díẹ̀ la jẹ nínú àgbò yẹn; ìyókù, wọ́n jẹ ẹ́ nílé títí ẹran fi sú àwọn ọmọ. Ẹlòmíràn ìbá bínú pé wọn ò wá bá òun yọ̀. Àtàndá ní ìjọba bá òun tan iná, ó bá òun fọn fèrè, ó sì tún bá òun kó àlejò lọ. Láti ọjọ́ náà, kò ṣe ìnáwó kankan mọ́ àfi lọ́jọ́ tí ìjọba bá ń ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ààrẹ àkọ́kọ́ jẹ ni ọmọ rẹ̀ Àkíbù ṣe wòlímọ̀. Àwa tí a jẹ móínmóín níbẹ̀ kò kún ẹní méjì.

Èmi náà bí ọmọ, méje ni wọ́n. Mo mọ iye tí àgbò ń jẹ́, n kò sì ní kí bàbá kankan máa náwó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n ìkómọ méjèèje ni Àtàndá ti wá jẹun nílé mi, tó tún di ti ilé dání. Ẹni tó bá ń jẹ tilé onílé, ó yẹ kó mọ̀ pé ilé tòun náà ní ilẹ̀kùn.

Ó wá kan Ràfíátù, àkọ́bí rẹ̀. Ilé tó ń fẹ́ lọ, ilé èrò ni. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àmínà aláṣọ, ti gba ìyàwó méjì ṣáájú fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, èrò tó sin èkejì sì wó ọgbà ilé. Bí ènìyàn péréte bá sin Ràfíátù dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ìyàwó ilé yóò máa fi bá a jà títí yóò fi hu ewú. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì dá ọjọ́ yìgì sí ọjọ́ tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì máa dé sí Accra.

Ràfíátù kúnlẹ̀. Abísígánà ni, èdè kan kì í dá wà lẹ́nu rẹ̀; Twi ló fi bẹ bàbá rẹ̀.

“Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ sún un síwájú. Kò sẹ́ni tó máa sìn mí.”

“Ọbabìnrin odindi ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, o ní kò sẹ́ni. Ta ló tún rí irú ẹ̀ rí?”

Àgbékẹ́ wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn dá sí i. Mo dá sí i. Àtàndá ní kí n fọkàn balẹ̀, àgbò kan àti ìkòkò ìrẹsì kan ti tó, gbogbo Accra á wà lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú.

Òótọ́ ló sọ nípa Accra. Ṣùgbọ́n ó ti kéde ọjọ́ náà ní ìpàdé ọmọ Ọ̀fà, nítorí ẹni tí kò bá kéde, ẹgbẹ́ kì í fún un ní owó ìbáyọ̀, Àtàndá ò sì lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ọ̀fà ní Kúmásì, ní Nsawam, ní Kofọrídúà, bí àṣà wa. Gbogbo wọn ló fẹ́ wo ọbabìnrin. Ọmọ Ọ̀fà kì í sanwó ibùsùn nílùú tí ọmọ Ọ̀fà bá wà. Bí ìkòkò bá tún ń hó níbẹ̀, kí ló kù? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń dé, tàwọn ti ẹní lábíyá.

Lọ́jọ́ kejì, ọbabìnrin kọjá tán, ebi sì dé. Àgbò ti tán kí Àáfà tó ṣe àmín. Àtàndá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń ta ìrẹsì, wọlé tọ̀ mí.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ jẹ mí.”

“Wọn ò fẹ́ jẹ ọ́. Ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ jẹ.”

Mo wọn ìrẹsì fún un láwìn, mo fi òbúkọ kan àti owó òróró kún un. Abọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ́, ọjà títà Àtàndá ni; àwọn àlejò rò pé ẹ̀bùn ni, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń sin Ràfíátù lọ lálẹ́, iwájú èrò ti dé ẹnu ọ̀nà Àmínà, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń fọwọ́ ní ilé Àtàndá. Àmínà fúnra rẹ̀ ló sáré jáde lọ yá ìkòkò. Wọ́n ní ẹ̀rín ni ìyàwó ń rín lábẹ́ ìbòjú.

Ó dọdún kẹrin, mo ṣì ń sin gbèsè. Nígbà tí ìjọba pa pọ́n-ùn tì, tó gbé owó sídì dé, mo ṣírò rẹ̀, mo lọ bá Àtàndá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: sídì mẹ́tàdínlógún àti pẹ́síwà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tán kó tó wojú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, pọ́n-ùn ni mo yá lọ́wọ́ yín. Ìjọba ti kó gbogbo pọ́n-ùn lọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti lọ béèrè tiyín.”

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Owó náà ṣì wà lọ́rùn Àtàndá.