Kòkòrò Oníkókó Kan

Ẹni tó bá fẹ́ bá Yéjídé àbúrò mi jiyàn lórí ohun tó ń jẹ iṣu, kó yáa jẹun yó kó tó wá. Opó ni, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti fi ń wa iṣu lóko wa lẹ́yìn Kàbà. Gbogbo ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ajẹṣu tó bá bá nínú ebè ló ń jù sínú akèrègbè fún àwọn adìẹ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa.

Lọ́dún 1956, kòkòrò ba iṣu jẹ́ káàkiri. Àṣẹ jáde pé èbù iṣu tí wọ́n bá ti bá kòkòrò lára rẹ̀, kí wọ́n dáná sun ún. Ernest Gbádéyan, ọ̀dọ́mọkùnrin ilé iṣẹ́ àgbẹ̀, dé ibi tí Yéjídé kó èbù rẹ̀ jọ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ọ̀pẹ kan tó ti jẹrà. Ó rí kòkòrò dúdú mẹ́sàn-án tó ti inú kùkùté náà rá wá sára èbù, ó sì ní kí wọ́n múná wá. Bí èbù yẹn bá jóná, Yéjídé kò ní ohun tó máa gbìn, ọmọ mẹ́rin ló sì ń bọ́. Mo bẹ Ernest títí.

Yéjídé kò bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. "Òkun o, ọ̀gá," ló fi kí i, bá a ṣe ń kíra wa ní Kàbà. "Ẹ jókòó ná. Èyí kọ́ ló ń jẹ iṣu."

Ó gbé àtẹ wá, ó mú ọ̀kan nínú akèrègbè, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú ti kùkùté. Àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ó ní kí Ernest fi èékánná ra wọ́n lórí. Èyí tó ń jẹ iṣu ní kókó méjì. Ti kùkùté ní ẹyọ kan, irun abẹ́ ikùn rẹ̀ sì pọ́n.

Ernest rẹ́rìn-ín. Ó ti kà á nínú ìwé pé akọ àti abo kòkòrò lè má jọra. "Ìyá, akọ lèyí, abo lèyẹn."

Inú bí Yéjídé. Ó tẹ oníkókó kan nínú, ẹyin tú jáde. Ó tẹ oníkókó méjì, ẹyin tú jáde.

"Èwo ni akọ níbẹ̀?"

Síbẹ̀ Ernest kò fẹ́ gbà. Yéjídé wá dé oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ igbá tirẹ̀, pẹ̀lú iṣu àti igi ọ̀pẹ jíjẹrà. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kẹta, iṣu abẹ́ igbá oníkókó méjì ti lu. Ti oníkókó kan kò ní àpá rárá. Inú igi ọ̀pẹ ni kòkòrò náà wọ̀ lọ. Ernest ní kí wọ́n fi èbù náà sílẹ̀. Ó kó àwọn kòkòrò tó kù sínú ìgò, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sáwọn ọ̀mọ̀wé lókè òkun.

Ó lé lọ́dún kan kí èsì tó dé. Ernest fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un wá, Yéjídé sì gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń ka lẹ́tà fún wa: kòkòrò tuntun ni oníkókó kan yẹn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí i rí.

"Ta ni kò rí i rí?" ni Yéjídé bi í.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ernest náà rẹ́rìn-ín, ó tún bu òkèlè ńlá. Ó ní iyán náà dùn, níbo la ti ra iṣu?

"A ò rà á," ni Yéjídé dá a lóhùn. "Èbù tẹ́ ẹ fẹ́ dáná sun lọ́jọ́sí ló bí i."